Ojú tó mọ aró kò mọ bàbà: ẹ̀rọ Hanna HI702 nínú yàrá ẹja mi

Adìrẹ ni iṣẹ́ mi, Ìtòkú ni mo sì ti ń ṣe é. Ìyá mi ló kọ́ mi, ìyá tirẹ̀ ló kọ́ òun náà. Bí ẹ bá ki aṣọ bọ ìkòkò aró, tí ẹ yọ ọ́ síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, mo lè dúró lókèèrè kí n sọ fún yín bóyá ẹ̀ẹ̀mejì ló kù kó tún wọlé tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kó tó dú bí oníbàárà ṣe ń fẹ́. Láàárín àyìnrín àti aró tó dú kirikiri, oríṣi mẹ́wàá wà tí kò lórúkọ, ojú mi sì dá gbogbo wọn mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi janpata nígbà tí wọ́n ní kí n máa gbé àwọ̀ omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ ara káàdì, kí n fi mọ ìwọ̀n bàbà, oògùn tí a ń fi sínú omi ẹja tó ń ṣàìsàn. Mo ní, ta ló tún kù tí wọn ò bá bi mí ní ọ̀rọ̀ àwọ̀? Ẹja mẹ́ta ló bá ọ̀rọ̀ yẹn lọ.

Ohun tó yọ mí nínú ìyẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan ni, kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ, ilé iṣẹ́ Hanna ló ń ṣe é, HI702 ni nọ́ńbà rẹ̀. Kò mọ iṣẹ́ méjì: iye bàbà tó wà nínú omi ló ń kà, láti 0 dé 5 ppm, èyíinì ni mílígíráàmù 5 nínú lítà omi kan. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ mi. Ẹja mọ́kànlá ló ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láàyè.

Bí ẹja òkun ṣe dé ilé aláró nìyí. Àbúrò mi ọkùnrin ló ni àpótí dígí tí mo fi ń sìn wọ́n, Èkó ló wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ sí Kánádà jáde, ó pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tí kò ní sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó ìwé sí." Lítà 350 ló ń gbà. Abẹ́òkúta kò lókun. Odò Ògùn la ní, omi rẹ̀ kò sì níyọ̀. Gbogbo omi inú àpótí yẹn, ọwọ́ la fi pò ó: iyọ̀ àwọn tó ń sin ẹja òkun, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀, bíi gíráàmù 35 sí lítà kan. Ó ju kílò 12 lọ kí àpótí tó kún. Àbúrò mi fi iyùn alààyè díẹ̀ sínú rẹ̀ fún mi, edé méjì, àti ẹja márùn-ún. Ọ̀kan nínú wọn ni blue tang, tí ara rẹ̀ dà bí aṣọ tó ti wọ aró lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ìrù rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Mo fẹ́ràn ẹja yẹn. Bí mo bá ti ọjà dé, tí ọwọ́ mi ṣì dú fún aró, ó máa ń wá sídìí dígí wá bá mi.

Èmi ni mo pa á. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo ra ẹja chromis méjì lọ́wọ́ ẹnì kan ní Èkó, ó ní, "Mọ́mì, mo ti tọ́jú wọn, ẹ kàn dà wọ́n sí i." Mo gbé wọn wọ ọkọ̀ ojú irin, mo gbé ọ̀rá ẹja lé itan títí mo fi sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ní Laderin, inú mi ń dùn. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo dà wọ́n sínú àpótí ńlá. Ní ọjọ́ kẹta, blue tang lọ dúró sí ẹnu pọ́ǹpù, ó kọjú sí ibi tí omi ti ń tú jáde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò jẹun. Bí mo bá tan iná, á sá sẹ́yìn òkúta. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmọ mi ọkùnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹja ní FUNAAB wálé láti Aláàbàtà. Ó pa iná yàrá, ó tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ dígí. A rí i: eruku wẹ́wẹ́ tó ń dán bíi góòlù, ó bo ara ẹja náà láti orí dé ìrù. "Màámi, velvet nìyí." Mo ti ta aṣọ àrán rí, mo sì mọ ohun tó ń sọ kó tó ṣàlàyé. Bí irun ara àrán ṣe máa ń dán bí a bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Amyloodinium ni orúkọ kòkòrò náà nínú ìwé. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹfà, ẹja kankan ò ṣẹ́kù, àti tuntun àti àtijọ́. Iyùn àti edé kò ní nǹkan kan, nítorí àrùn yẹn kì í mú wọn.

Ohun tó yẹ kí n ṣe nígbà náà ni kí n ní àpótí kejì. Ẹja tuntun kò gbọdọ̀ fojú kan àpótí ńlá títí tó fi lo oṣù kan, ó kéré tán, ní yàrá tirẹ̀. Mo fi àpótí ńlá sílẹ̀ láìsí ẹja kankan fún ọjọ́ 76, iye tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin ẹja òkun máa ń lò kí kòkòrò tó bá sá pamọ́ síbẹ̀ lè kú tán fún àìrí ẹja jẹ. Láàárín ìgbà náà mo tún yàrá ẹ̀yìn ṣe. Àpótí lítà 80, kò sí yanrìn, kò sí òkúta, nítorí yanrìn òkun àti òkúta máa ń fa bàbà mọ́ra. Páìpù omi tí káfíńtà gé kù ni mo fi ṣe ibi ìsápamọ́ fún wọn, pẹ̀lú asẹ́ oní-fóòmù kan tí atẹ́gùn ń gbé omi gbà inú rẹ̀. Ó tán. Báàkẹ́ẹ̀tì tó bá ti fara kan aró kì í wọ yàrá yẹn, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bàbà díẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá yé kò ní rí ìdí tó fi yẹ kó náwó sórí ẹ̀rọ. Ẹ mú àrùn oní-tótòtó funfun, tí wọ́n ń pè ní ich. Kòkòrò rẹ̀ á wọ abẹ́ awọ ẹja, á máa jẹ ẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Lẹ́yìn náà á já bọ́ sílẹ̀, á kọ́lé le ara rẹ̀ lórí, á máa bímọ sínú ilé yẹn. Ó lè lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí ilé bá là, àìmọye ọmọ á tú jáde, wọ́n á máa lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja kiri, bí wọn ò bá sì rí i láàárín ọjọ́ kan sí méjì, wọ́n kú. Bàbà kò lè pa èyí tó wà lábẹ́ awọ. Kò lè pa èyí tó wà nínú ilé. Èyí tó ń lúwẹ̀ẹ́ nìkan lọwọ́ rẹ̀ tó. Nítorí náà, ọjọ́ 30 ni mo fi máa ń jẹ́ kí bàbà wà nínú omi ní ìwọ̀n kan náà, ọ̀sán àti òru. Bí ó bá lọ sílẹ̀ fún ọjọ́ kan péré, tó sì jẹ́ ọjọ́ yẹn ni ilé là, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti wọ́ nìyẹn. Bí ó bá sì lọ sókè jù, ẹja fúnra rẹ̀ ni bàbà máa pa. Ojú ọ̀nà tóóró ni.

Oríṣi méjì ló wà, ìwọ̀n wọn kò sì dọ́gba. Ọ̀kan, bíi Cupramine ti Seachem, wọn kò wé bàbà rẹ̀ bí ti èkejì, 0.5 ppm ló ti ń ṣiṣẹ́, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ kò sì jìnnà sí ibi tó ti ń pani. Èkejì, bíi Copper Power, wọ́n ti fi nǹkan wé bàbà inú rẹ̀, bí a ṣe ń fi ewé wé ẹ̀kọ, nítorí náà 2.5 ppm ni tirẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ "2.5" lẹ́nu onítibí, tó wá lọ da tọ̀hún dé 2.5, òkú ẹja ló máa kó. Èyí tí wọ́n wé ni mo ń lò.

Wàyí o, káàdì. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lo àpótí ìyàsọ́tọ̀, ẹja mẹ́rin ni mo rà: clownfish méjì, blue tang mìíràn, àti royal gramma, èyí tí ìdajì ara rẹ̀ jẹ́ elése àlùkò, tí ìdajì kejì pọ́n bí ìyeyè. Oníkáàdì ni ohun tí mo fi ń wọn bàbà: ẹ kán oògùn sínú omi díẹ̀, omi á yí àwọ̀ padà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì. Mo wò ó lábẹ́ oòrùn ní àgbàlá, ó dà bí 2.5. Mo fọkàn balẹ̀. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yan aṣọ aró lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, nítorí iná gílóòbù máa ń purọ́ mọ́ aró. Mo mọ èyí láti kékeré, síbẹ̀ kò wá sí mi lọ́kàn pé omi inú ìgò kékeré náà lè purọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo tún wò ó lábẹ́ iná, ó dà bí 1.5. Omi kan náà, ọjọ́ kan náà. Mo gba ti oòrùn gbọ́.

Ní ọjọ́ kọkànlá, tótòtó funfun yọ sára blue tang, bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i. Ó kú. Royal gramma tẹ̀ lé e, clownfish kan tẹ̀ lé ìyẹn. Nígbà tí ẹnì kan tó ń ti Kánádà bọ̀ máa fi gbé HI702 tí àbúrò mi rà dé, clownfish kan ṣoṣo ló kù, lẹbẹ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara. Mi ò tíì jókòó tí mo fi wọn omi náà. Ẹ̀rọ kọ 1.34.

Mo tún un wọ̀n. 1.36. Mo gbé káàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ojú mi ṣì ń rí 2.5.

Báyìí ni mo ṣe ń lò ó. Mo máa ń kọ́kọ́ fi omi àpótí ṣan ìgò kékeré tó bá a wá lẹ́ẹ̀mejì, mo dà á nù. Mo wá bu mílílítà 10 sínú rẹ̀, dé ibi tí wọ́n fàlà sí. Mo dé e, mo fi àjákù adìrẹ tó ti gbó, tó ti rọ̀, nu ara ìgò náà yí ká, nítorí pé ìka ọwọ́ kan péré lára ìgò tó láti ba òǹkà jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń rán gba inú omi kọjá, ohunkóhun tó bá dènà ìmọ́lẹ̀ ni yóò kà mọ́ bàbà. Mo tẹ bọ́tìnnì, ó kọ C1, mo ki ìgò bọ̀ ọ́, mo tún tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń rí omi yẹn láìsí oògùn nìyẹn, ìyẹn ló fi ṣe òdo. Ó kọ C2. Mo yọ ìgò, mo já ẹnu sáṣẹ́ẹ̀tì kan, mo gbọn ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú omi títí ìkẹyìn, mo dé e, mo rọra ń mì ín. Àwọ̀ elése àlùkò á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí aṣọ ń gba atẹ́gùn lẹ́yìn tó jáde nínú aró. Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú yẹn. Mo tún nu ìgò, mo dá a padà, mo tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ kó lè ka àkókò fúnra rẹ̀. Nígbà tí àkókò bá pé, nọ́ńbà jáde. Mi ò wo àwọ̀ náà mọ́. Nọ́ńbà ni mo ń kọ sínú ìwé tí mo so mọ́ ògiri.

Clownfish tó kù yẹn, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbé bàbà rẹ̀ dé 2.45. Mi ò kánjú, nítorí pé bí a bá da gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ara ẹja kò ní gbà á. Ó yè.

Nọ́ńbà kan ṣoṣo kọ́ ló ń kọ́ èèyàn lẹ́kọ̀ọ́, ìyípadà rẹ̀ láti ọjọ́ dé ọjọ́ ni. Ẹ wo èyí. Àpótí mi gba lítà 80, bàbà wà ní 2.5. Mo pa lítà 20 dà, mo fi omi iyọ̀ tuntun tí kò ní bàbà dí i. Ẹ̀rọ kọ 1.87. Ìdá mẹ́rin omi ni mo dànù, ìdá mẹ́rin bàbà ló bá a lọ. Ìṣirò ọmọ iléèwé ni, àmọ́ mo ti ń pààrọ̀ omi bẹ́ẹ̀ láìfi bàbà dí i nígbà ayé káàdì, tí ojú mi ò sì rí ìyàtọ̀ kankan. Nísinsìnyí, mo máa ń pò bàbà mọ́ omi tuntun nínú garawa, mo wọ̀n ọ́ nínú garawa, kí n tó gbé e wọ àpótí.

Òdìkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú oṣù kẹta, nígbà tí Abẹ́òkúta ń gbóná tí àpáta ń tú ooru jáde títí di òru. Omi tó bá gbóná kì í gba atẹ́gùn dáadáa, ẹja tó wà nínú bàbà sì nílò atẹ́gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbé fáànù sójú omi kó lè tutù. Ó tutù lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ń fà. Ní ọjọ́ mẹ́ta, lítà 6 ti lọ sínú afẹ́fẹ́, bàbà kò bá a lọ, ẹ̀rọ sì kọ 2.70. Omi tútù tí kò níyọ̀ ni mo fi dí i, nítorí iyọ̀ náà kò lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti fi ìlẹ̀mọ́ fàlà sára dígí níbi tí omi yẹ kó dé. Bí NEPA bá mú iná lọ, pọ́ǹpù atẹ́gùn oní-bátìrì ló máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe dá a láṣà láti fi oògùn sínú omi ẹja láìní irú pọ́ǹpù yẹn nílé.

Mo máa sọ àwọn ibi tí ẹ̀rọ yìí kò dé, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo ń polówó rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà rẹ̀. Hanna ní ẹ̀rọ bàbà mìíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì, HI747. Ìwọ̀n kékeré ni ìyẹn ń kà, kò kọjá 999 ppb, tí kò tó 1 ppm. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá bàbà díẹ̀ ti yọ́ wọ àpótí tí iyùn àti edé wà, nítorí bàbà díẹ̀ ló ń pa wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi oògùn tí wọ́n wé tọ́jú ẹja ní 2.5, kò lè kà á. Ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín rà á ka nọ́ńbà náà sí yín létí lórí fóònù kó tó sanwó.

Ìyẹ̀fun rẹ̀ náà ń tán. Páálí kan ní sáṣẹ́ẹ̀tì fún òǹkà 25. Ẹni tó bá ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́ kò ní fi páálí kan parí ọjọ́ 30. Ojoojúmọ́ ni mo ń wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà mo ń fo ọjọ́ kan, àfi bí mo bá pààrọ̀ omi. Inú ike tó dé dáadáa ni mo ń tọ́jú wọn sí, jìnnà sí ọ̀rinrin yàrá ẹja. Owó rẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Dọ́là ló ń gbé e sókè sódò, ohun tí mo bá kọ lónìí á ti yàtọ̀ lọ́la. Ohun tí mo lè sọ ni pé iye tí àbúrò mi san kò tó iye ẹja mẹ́ta tí mo sin.

Kò sì yẹ kí bàbà dá yín lójú fún gbogbo àìsàn. Clownfish ní àrùn tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Brooklynella: ara ẹja á máa yọ ikun funfun, á máa bó, bàbà kò sì ràn án. Formalin ni wọ́n ń lò fún ìyẹn, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ni kó sì lò ó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti fèrèsé ṣíṣí. Chromis tó bá ní egbò pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́, Uronema ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bàbà kò ran ìyẹn náà. Àwọn aràn pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ara àti ibi tí ẹja fi ń mí, praziquantel ló ń pa wọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì la sì ń lò ó, kí ọjọ́ márùn-ún sí méje wà láàárín, nítorí pé oògùn náà kì í pa ẹyin wọn. A ní láti dúró kí ẹyin pa kí á tó tún lù wọ́n. Ṣáájú ohun gbogbo, mo máa ń fi omi tí kò níyọ̀ wẹ ẹja tuntun fún ìṣẹ́jú márùn-ún nínú abọ́ dúdú, omi tí ooru rẹ̀ àti pH rẹ̀ (bó ṣe kan tó) bá ti omi tó ti wá dọ́gba. Ìgbà tí mo ṣe é fún yellow tang ni mo kọ́kọ́ rí aràn wọ̀nyí lójú ara mi. Nígbà tí mo fi ẹja náà sínú abọ́, mi ò rí nǹkan kan lára rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú kẹta, àwọn nǹkan funfun pẹlẹbẹ, bí ègé ìpẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sí ìsàlẹ̀. Mo ka méjìdínlógún. Gbogbo wọn ti wà lára ẹja tí mo rò pé ó mọ́.

Ammonia, májèlé tó ń ti ara ẹja àti ìgbẹ́ rẹ̀ wá, ni ohun mìíràn tí HI702 kò lè sọ fún yín. Àpótí tuntun tí kò ní òkúta kò ní àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ammonia tó pọ̀ tó, nítorí náà ammonia ń gòkè, ó sì ń pa ẹja kíákíá ju ọ̀pọ̀ àrùn lọ. Ìlẹ̀mọ́ Ammonia Alert ti Seachem ni mo lẹ̀ mọ́ inú dígí. Yẹ́lò ni bó ṣe yẹ kó rí, bó bá ti ń di ewéko, mo pààrọ̀ omi. Àwọ̀ nìyẹn náà, ṣùgbọ́n kò ní kí n mọ ìyàtọ̀ 1.5 sí 2.5. Yẹ́lò tàbí kì í ṣe yẹ́lò, ó parí. Ẹ má ṣe da àwọn oògùn omi tó ń ká ammonia lápá kò sínú omi tó ní bàbà o. Ẹ̀yin aláró ẹlẹgbẹ́ mi mọ háídírósù, ẹ mọ bó ṣe ń gba atẹ́gùn kúrò nínú aró kí àwọ̀ lè wọ aṣọ. Ẹbí rẹ̀ ni òmíràn nínú àwọn oògùn yẹn, wọ́n sì lè sọ bàbà tó ń wo ẹja sàn di májèlé sí i lára. Omi ni kí ẹ pààrọ̀.

Ta ló yẹ kó rà á? Ẹni tó bá ní àpótí òkun nílé, tó sì mọ̀ pé òun ṣì máa ra ẹja, kó rà á kó tó ra ẹja. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìlú kan, ẹ lè dáwó jọ ra ẹ̀rọ kan, kí oníkálukú ní ìgò tirẹ̀, kí omi ẹja tẹnìkan má baà wọ ilé ẹnìkejì. Obìnrin kan ní Ọbáńtokò máa ń yá tèmi, ọmọ rẹ̀ ló máa ń wá gbé e, ó sì ń san sáṣẹ́ẹ̀tì padà. Ẹni tó jẹ́ pé ẹja àrọ̀ ló ń sìn, tàbí goldfish, kò nílò rẹ̀. Ẹni tó ti ní ẹja tó ń fẹ́ nínú àpótí, tí kò sì ní kó tuntun wọlé mọ́ láé, kò nílò rẹ̀.

Ọmọ mi bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Màámi, ṣé ẹ ò wá fojú wo aṣọ mọ́ ni?" Mo ní mo ń fojú wò ó. Aṣọ kì í kú bí mo bá ṣìnà. Mo kàn máa dá a padà sínú ìkòkò.

Lónìí ni ọjọ́ 19 fún clownfish kékeré kan tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. 2.46 ni ẹ̀rọ kọ láàárọ̀. Sáṣẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ló kù sí mi lọ́wọ́, ó tó. Ọkọ ni mo rà á wá fún ti ọjọ́sí, èyí tó yè nígbà tí ẹ̀rọ kọ 1.34. Akọ ni gbogbo clownfish nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, èyí tó bá tóbi jù ló ń di abo, èyí sì ti tóbi dáadáa. Òun nìkan ló ń sùn sábẹ́ iyùn nínú àpótí ńlá láti ọjọ́ yìí, àwọn ẹja yòókù kì í sún mọ́ ibẹ̀. Ọjọ́ 11 ló kù kí àwọn méjèèjì fojú kanra.